Ọmọ Tí A Kò Kọ́ àti Ilé Tí A Kọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin olùkàwé wa. Ṣùgbọ́n bóyá ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ìlú ńlá kan wà lókè òkun tí ó ti ń jà sí ìdí ọ̀rọ̀ yìí gan-an fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń bi ara wọn léèrè pé: owó tí ó bá pọ̀ sí i lápò ìlú, ilé ni kí a fi kọ́ ni, tàbí ọmọ? Ìlú náà ni Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ohun tí ó mú wa dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù yìí ni pé ọgbọ́n ìnáwó tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti ń rin ìrìn-àjò káàkiri. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan yóò gbé e wá síwájú àwọn ọba àti ìjòyè wa, pẹ̀lú àwòrán ilé gíga-gíga lọ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu. Ó yẹ kí a ti mọ ìṣe àlejò náà kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

TIF ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ọgbọ́n yìí ní ìkékúrú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a fi ìbísí owó-orí ilé àdúgbò kan tún àdúgbò náà ṣe. Kí ó tó lè yé wa, ó tọ́ kí a mọ̀ pé ní ilẹ̀ wọn, ẹni tí ó bá ní ilé tàbí ilẹ̀ ní láti san owó-orí lé e lọ́dọọdún, gẹ́gẹ́ bí iye tí a bá dá lé ohun-ìní rẹ̀. Owó náà kì í ṣe ti ìgbìmọ̀ ìlú nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpín tirẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó tóbi jù ní Chicago. Àwọn tí ń tọ́jú ọgbà ìtura ìlú ní tiwọn. Ìjọba àgbègbè náà sì ní tirẹ̀ pẹ̀lú.

Wàyí o, bí àdúgbò kan bá ń bàjẹ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti kógbá sílé, tí ilé ń wó, tí kò sì sí olówó tí ó fẹ́ dá owó rẹ̀ sí ibẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú lè fa ìlà yí àdúgbò náà ká lórí àwòrán ilẹ̀. Wọn yóò kọ iye tí gbogbo ilé àti ilẹ̀ inú ìlà náà tó lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Èyí ni iye ìpìlẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, owó-orí tí ó bá ti ara iye ìpìlẹ̀ jáde yóò máa lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí ń pín in tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iye ilé bá ga ju ti ìpìlẹ̀ lọ, owó-orí tí ó bá ti ara àlékún náà jáde yóò wọ inú àpótí kan lọ́tọ̀, tí a ó máa ná fún iṣẹ́ àdúgbò náà: ọ̀nà, omi, wíwó ilé ahoro, àti ìrànlọ́wọ́ fún àwọn olówó tí ó bá fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí Chicago wà, ọdún 23 ni òfin fi àyè gbà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé aṣòfin lè fi ọdún 12 kún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye kékeré ṣe àpẹẹrẹ. Bí àdúgbò kan bá ń san 100 dọ́là lọ́jọ́ tí a fa ìlà yí i ká, tí ó sì di 160 dọ́là lẹ́yìn ọdún mélòó kan, 100 ni àwọn onípìn-ín yóò máa pín, 60 yóò wọ àpótí. Nígbà tí ọdún bá pé, a ó ti àpótí náà pa, gbogbo 160 yóò sì di ti gbogbo wọn. Nítorí pé ìlú mọ̀ pé 60 yìí ń bọ̀, ó lè yá owó ńlá lónìí, kí ó fi 60 ti ọjọ́ iwájú ṣe ìdúró fún gbèsè náà. Bí kò bá fẹ́ yáwó, ó lè jẹ́ kí olówó fi owó ara rẹ̀ kọ́lé ná, kí a sì máa san án padà fún un díẹ̀díẹ̀ bí 60 náà ti ń wọlé.

Ọgbọ́n yìí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń fi oko kòkó dógò ti mọ ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ń kọ ìwé yìí ní àbúrò bàbá kan tí ó fi oko kòkó rẹ̀ dógò kí ó lè fi páànù bo ilé rẹ̀. Ẹni tí ó yá a lówó ni ó ń ká kòkó náà ní gbogbo ìgbà tí oko fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ṣe pé ọdún wọ̀nyí gan-an ni kòkó so jù. Páànù ń dán lórí ilé, gbogbo ẹni tí ń kọjá lójú ọ̀nà ń kí bàbá kú oríire. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tí owó kòkó náà ń rán lọ sí ilé-ìwé padà wálé, ọ̀kan nínú wọn kò sì lọ mọ́ títí di òní. Àwa kò wí pé ìdógò burú, nítorí ilé tí ń jò kò ṣeé gbé. Ohun tí a ń wí ni pé kí bàbá wa tó tẹ̀ka sí àdéhùn náà, kò bi ara rẹ̀ léèrè pé, Ta ni ó ti ń jẹ nínú oko yìí? Ìbéèrè yìí kan náà ni gbogbo àríyànjiyàn Chicago rọ̀ mọ́.

California ni ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952. Ìjọba àpapọ̀ ní Washington ń fún àwọn ìlú lówó nígbà náà láti tún àdúgbò tí ó bàjẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ìlú ní láti mú díẹ̀ wá láti àpò tirẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ kò sì tẹ owó náà, wọ́n ronú kan ìbísí owó-orí tí kò tíì dé. Lónìí, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ní òfin rẹ̀, àfi Arizona nìkan. Illinois ṣe òfin tirẹ̀ ní 1977, Chicago sì fa ìlà àkọ́kọ́ ní 1984 ní àárín gbùngbùn ìlú, ní àkókò Harold Washington, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Méyọ̀ ìlú náà. Àdúgbò kan péré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Richard M. Daley wà lórí àga náà, láti 1989 di 2011, ìlà ń bí ìlà títí wọ́n fi ju 150 lọ. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, owó tí ń wọ inú àwọn àpótí wọ̀nyí ti ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún kan. Ohun tí a pò bí oògùn fún ojú egbò ti di oúnjẹ òòjọ́.

Kí a má ṣe àbòsí, iṣẹ́ rere wà níbẹ̀. A fi owó yìí tún àwọn ilé eré àtijọ́ ṣe ní òpópó Randolph, ẹ̀mí sì padà sí àárín ìlú lálẹ́, níbi tí ènìyàn ti ń sá fún tẹ́lẹ̀. Láti 2006, a tilẹ̀ fi lára rẹ̀ kọ́ àwọn ilé-ìwé tuntun. Ẹni tí ó bá wí pé kò sí èso kankan lórí igi náà kò sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Block 37, nínú ìlà àkọ́kọ́ náà gan-an. Ìlú wó ọ̀pọ̀ ilé orí rẹ̀ ní 1989, nítorí pé wọ́n ní ilé ńlá ń bọ̀. Ilé ńlá kò wá. Ní ìgbà òtútù, àwọn ọmọdé ń fi bàtà onírin ṣeré lórí yìnyín níbi tí ilé ìtajà ti wà rí. Ó di 2009, lẹ́yìn ogún ọdún, kí ilé ìtajà tuntun tó ṣílẹ̀kùn níbẹ̀. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n gbẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì pa tì ní 2008 láìparí. Wíwó ilé yá ju kíkọ́ ọ lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè wa: ta ni ó ti ń jẹ nínú oko náà? Àwọn agbẹjọ́rò TIF a máa dáhùn pé ọgbọ́n yìí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ní Illinois, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń sọ iye tí ó ń fẹ́, a ó sì pín in lé orí gbogbo onílé. Lójú ìwé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń pín in, a kì í ka àlékún tí ó wà nínú ìlà mọ́ ọn. Nítorí náà, ohun tí ẹni inú ìlà kò dá, onílé yòókù ni yóò dá a. Bákan náà, òfin ti dé ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ pé kò gbọdọ̀ fi kún ohun tí ó ń béèrè kọjá ìwọ̀n kan lọ́dọọdún, bí kò ṣe nítorí ilé tuntun. Ilé tuntun tí ó bá sì wà nínú ìlà, a kò kà á títí ọdún yóò fi pé. Ta ni ó wá jẹ gbèsè náà? Opó tí ó wà ní ìhà kejì ìlú ni, àti ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì tí kò sí ìwé.

Òfin náà ní ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìjánu rẹ̀: pé kí a má fa ìlà sí ibikíbi bí kò ṣe ibi tí ó dájú pé nǹkan kan kò ní í hù láìsí ìrànlọ́wọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀? Iye ilé a máa lọ sókè fúnra rẹ̀ bí owó ti ń sọ agbára nù, bí ọdún ti ń gorí ọdún. TIF yóò sì ká èyí pẹ̀lú mọ́ èyí tí ó gbìn. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Richard Dye àti David Merriman, fi àwọn ìlú agbègbè Chicago tí ó lo ọgbọ́n yìí wé àwọn tí kò lò ó. Ní 2000 ni wọ́n tẹ èsì wọn jáde: iye ilé kò gòkè kánkán ní àwọn ìlú tí ó lò ó tó ti àwọn tí kò lò ó. Ní 2018, Merriman tún yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, ó sì rí i pé ní ibi púpọ̀, TIF kò mú ìdàgbàsókè tí a tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀ wá.

Ọdún méjì wà tí àwọn ará Chicago kò lè gbàgbé. Èkíní ni 2013. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ dìbò láti ti nǹkan bí 50 ilé-ìwé pa, wọ́n ní owó kò sí. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní oṣù kan náà ni Méyọ̀ Rahm Emanuel gbé ètò kan kalẹ̀ tí 55 mílíọ̀nù dọ́là owó TIF wà nínú rẹ̀, fún gbọ̀ngàn eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Yunifásítì DePaul àti hótẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n ní hótẹ́ẹ̀lì ni owó náà wà fún, kì í ṣe gbọ̀ngàn. Àlàyé yìí kò tu ẹnikẹ́ni nínú, nítorí bí a bá ń sunkún ọmọ, tí a wí pé kì í ṣe ẹṣin ni a rà bí kò ṣe gàárì, ẹkún kì í dá.

Èkejì ni 2019, nígbà tí sáà Emanuel kù díẹ̀ kí ó parí. Ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí owó tí ó lè tó 1.3 bílíọ̀nù dọ́là fún Lincoln Yards, àti èyí tí ó lè tó 1.1 bílíọ̀nù fún ilẹ̀ kan tí a ń pè ní The 78. Àárín àwọn àdúgbò ọlọ́rọ̀ ni Lincoln Yards wà, lẹ́bàá odò. Síbẹ̀ a fa ìlà yí i ká bí ibi tí ó ti bàjẹ́. Ìgbà tí ó fi di 2025, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà ṣì ṣófo, apá kan rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ tí ó yá àwọn olùkọ́lé lówó. Ohun kan ṣoṣo ni ó gba ìlú là: àdéhùn wí pé olùkọ́lé ni yóò kọ́kọ́ náwó, kí a tó san án padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní California, níbi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e dé òpin. Àwọn ẹgbẹ́ ìtúnlùúṣe tí ń lo ọgbọ́n yìí níbẹ̀ tó 400, wọ́n sì ń gba nǹkan bí ìpín 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó-orí ilé ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó sì ń wá owó dí àlàfo àwọn ilé-ìwé. Ní 2011, Gómìnà Jerry Brown fọwọ́ sí òfin láti tú wọn ká. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ California gbe òfin náà lẹ́yìn, gbogbo wọn sì di èrò ìtàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2012.

Chicago kò tú tirẹ̀ ká, ṣùgbọ́n ó kọ́gbọ́n. Ní 2016, Illinois ṣe òfin tuntun fún ìbísí owó-orí ẹ̀bá ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, ó sì fi í lélẹ̀ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ mú ìpín tirẹ̀ ní kíkún kí ọkọ̀ tó mú tirẹ̀. Abẹ́ òfin yìí ni ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 2022 láti na ọ̀nà irin tí wọ́n ń pè ní Red Line gùn láti òpópó 95 dé òpópó 130 ní gúúsù ìlú, ní agbègbè àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Ní Georgia pẹ̀lú, ilé-ẹjọ́ gíga wí ní 2008 pé òfin kò jẹ́ kí a fi owó-orí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú ni ó fi ìbò yí i padà lọ́dún náà. Ìwọ̀nyí fi hàn wá pé ọgbọ́n náà kò ní ìwà kan tí kò ṣeé yí. Bí a bá ti dè é ni yóò ti dúró.

Ó ti dé London pẹ̀lú. Ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n nà dé Battersea, tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, ni a fi ìbísí owó-orí ilé-iṣẹ́ àdúgbò náà fún ọdún 25 ṣe ìdúró fún gbèsè rẹ̀, tí ó tó bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ibùdó ọkọ̀ méjì ṣí ní oṣù kẹsàn-án 2021. Ọkọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní 2017, àwọn ilé tí a ṣèlérí pé apá tálákà yóò ká ní Battersea Power Station ti dín láti 636 sí 386.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá púpọ̀. Ní 1908, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó omi ní Èkó, àwọn ìjòyè àti ará ìlú jáde láti wí pé àwọn kò fẹ́. Láti 1955, wọ́n wó agbo-ilé púpọ̀ ní àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ di ọ̀wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà síbẹ̀. Láti 2001 ni Èkó ti ní òfin owó ilẹ̀ tí à ń pè ní Land Use Charge. Nígbà tí a gbé e ga ní 2018, igbe ta, ìjọba sì dín in kù. A ti mọ owó-orí ilẹ̀, a sì ti mọ àtúnṣe ìlú. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá so méjèèjì pọ̀, tí ó ní kí a fi ìbísí ọ̀la ya owó òní, ìbéèrè mẹ́rin ni kí a ti ní lẹ́nu.

Èkíní: ṣé ibí yìí kò ní í dìde fúnra rẹ̀? Bí yóò bá dìde, kí a má san owó fún òjò tí ń bọ̀. Èkejì: ta ni ó ti ń jẹ níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé ni, kí ilé-ìwé kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Ẹ̀kẹta: bí iṣẹ́ bá dúró lágbedeméjì, ta ni òfò yóò pa? Kí ẹni tí yóò jèrè kọ́kọ́ náwó. Ẹ̀kẹrin: ọjọ́ wo ni yóò parí, níbo sì ni ìwé ìṣirò rẹ̀ wà tí gbogbo ènìyàn lè kà á? Àpótí tí ẹnìkan ṣoṣo mọ ìdí rẹ̀ kì í ṣe àpótí ìlú.

Ẹ̀yin ọba wa àti ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ yín ni ilẹ̀ wà, ẹ̀yin ni wọn yóò sì kọ́kọ́ tọ̀ wá. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ẹ̀yin ni yóò ka ìwé àdéhùn náà fún wọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má kọ̀ láti tún ìlú ṣe, nítorí ìlú tí ó ń wó kò yẹ wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ yí ojú padà wo ilé-ìwé tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì ka àwọn ọmọ inú rẹ̀. Àwọn ni yóò jogún ilé náà. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a kọ́ ilé fún ẹni tí yóò tà á. Àṣẹ.